Gbèsè Amọ̀kòkò: Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Àwọn Aláàbọ̀ Ara

Oríta Ore kì í ṣe oríta lásán. Níbẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Èkó àti Ṣàgámù wá ti kọjá lọ sí Bìní àti ilẹ̀ Ìgbò, níbẹ̀ náà sì ni ọ̀nà Oǹdó ti pàdé ti Òkìtìpupa. Ore ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo. Láti ìgbà pípẹ́, ọmọ agbègbè náà tó bá fẹ́ ka ìwé gíga ní láti gba ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí: kó lọ sí Oǹdó, kó lọ sí Àkúrẹ́, kó lọ sí Òkìtìpupa, tàbí kó forí lé Èkó. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni. Fún arọ, ọ̀rọ̀ pé ta ni yóò gbé e sínú ọkọ̀ ni, ta ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ta ni yóò sì bá a gun àtẹ̀gùn bí ó bá dé ọ̀hún tí wọ́n ní òkè kẹta ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà.

Nítorí náà, kí a tó bá ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́. Kíkọ́ni láti òkèèrè kì í ṣe tuntun láàrin wa. Ọdún 1983 ni òfin fi ìdí National Open University, tí a mọ̀ sí NOUN lónìí, múlẹ̀; ìjọba ológun dá a dúró ní ọdún 1984, kò sì jí dìde mọ́ títí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí a wà yìí. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè jókòó ní Odigbo kó gba ìwé ẹ̀kọ́ sórí fóònù, kó sì ti ibẹ̀ fi iṣẹ́ tí wọ́n fún un ránṣẹ́. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 2020, àwọn mìíràn tí kò ka ọ̀nà yìí sí tẹ́lẹ̀ wá ń sáré tọ̀ ọ́. Arọ tó ní fóònù, tó sì rí iná àti dátà, ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà gáréèjì. Èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí fún arọ lè tì mọ́ afọ́jú. Ó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, títí kan àwọn ọ̀mọ̀wé, pé afọ́jú ń lo kọ̀ǹpútà. Ètò kan ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ náà tí ó máa ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè. Ọ̀kan nínú wọn, NVDA, ọ̀fẹ́ ni. Afọ́jú ni Michael Curran, ọmọ ilẹ̀ Australia tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2006, afọ́jú sì ni James Teh tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí irú ètò yìí ń wá kò pọ̀: lẹ́tà gidi tí a tẹ̀ ni. Bí olùkọ́ bá mú ìwé àtijọ́ rẹ̀, tí ó ya á ní fọ́tò, tí ó sì gbé fọ́tò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ni aríran rí níbẹ̀. Àwòrán lásán ni ètò náà rí, yóò sì dákẹ́. Bí ẹni tó ṣe ojú ìwé náà kò bá fún àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ lórúkọ, ohun tí afọ́jú yóò máa gbọ́ ni “bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì”, bí ẹni tí wọ́n mú dé iwájú ilẹ̀kùn mẹ́wàá tí wọn kò sọ èyí tó wọnú ilé fún un. Ti adití yàtọ̀: fídíò wákàtí kan tí kò ní ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀ kò ju ẹnu tí ń mì lọ.

Àwọn ètò kan wà nísinsìnyí tó ń gbìyànjú láti yọ lẹ́tà lára àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé Yorùbá alámì fún wọn kí ẹ wá wo irú ọ̀rọ̀ tí yóò jáde. Ohùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ ọ. Kò mọ èwo ni igba, èwo ni igbá, èwo ni ìgbà. Àwọn olùkọ́ Yorùbá kan sì tún ń dá kún un. Láti ìgbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ ní ọdún 1974 ni wọ́n ti ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àmì ohùn, ṣùgbọ́n bí àwọn fúnra wọn bá dé ìdí kọ̀ǹpútà, Yorùbá wọn a dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Aríran yóò fi ojú inú kún un. Ẹ̀rọ kò ní ojú inú.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé láyé àwọn baba wa, irú ìṣòro yìí kò sí. Ó yẹ kí a ṣọ́ra. Lóòótọ́, etí ni ọmọ awo fi ń kọ́ Ifá, afọ́jú tí orí rẹ̀ pé sì lè há ẹsẹ Ifá sórí bí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ni adití rí gbà nínú rẹ̀? Kí ni ìlù tí ń sọ̀rọ̀ sọ fún un? Ìwé dé, ó pe adití tó mọ̀wé kà, ó sì fi afọ́jú sílẹ̀, títí Louis Braille, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú ará Faransé, fi gbé lẹ́tà oníkókó tí à ń fi ìka kà jáde ní nǹkan bí ọdún 1824. N kò tíì rí irinṣẹ́ ìmọ̀ tí kò ní ẹni tó gbàgbé.

Ìtàn tí ó bá ọ̀ràn yìí mu jù lọ, lójú tèmi, ni ti Ọbàtálá. Òun ni ó ń fi amọ̀ mọ ènìyàn kí Olódùmarè tó mí èémí sí i nínú. Wọ́n ní ní ọjọ́ kan ó mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì: ó mọ arọ, ó mọ abuké, ó mọ afọ́jú, ó mọ àfín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dá ìtàn náà dúró síbẹ̀, wọn a sì fi í ṣe ẹ̀rí pé àṣìṣe ni aláàbọ̀ ara. Bẹ́ẹ̀ ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Nígbà tí ojú òrìṣà dá, kò fọ́ amọ̀ náà, kò sì sọ pé amọ̀ ni kò dára. Ó gbà wọ́n ní tirẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Ó sọ ẹmu di èèwọ̀, èèwọ̀ náà sì wà lọ́rùn àwọn olùsìn rẹ̀ títí di òní. Ẹ kíyè sí i: ọrùn ẹni tó mọ nǹkan ni èèwọ̀ wà, kò sí lọ́rùn ohun tí ó mọ.

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, amọ̀ ni. Olùkọ́ kan jókòó, ó mọ ọ́n. Yunifásítì kan gbà á, ó gbé e síta. Nígbà tí afọ́jú kò bá rí ibẹ̀ wọ̀, a máa ń sọ pé ojú rẹ̀ ni kò jẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ni kò jẹ́. Ibi tí àánú àti gbèsè ti yàtọ̀ nìyí. Ẹni tó ń ṣàánú lè dáwọ́ dúró nígbà tó bá wù ú, a ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èyí tó ṣe. Ẹni tó jẹ gbèsè kò lè pe èyí tó san ní ọrẹ.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti ń lọ sí ọ̀nà gbèsè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó lòdì sí yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Ìtanràn 1,000,000 náírà wà fún ilé iṣẹ́ tó bá rú u, 100,000 náírà fún ẹnì kan. Wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024. Ó dára. Ṣùgbọ́n síméńtì ni a fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà: bí a bá ti da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, a gbà pé ó tán.

Wọn yóò ní: akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú mélòó ni, tí a ó fi tún gbogbo kọ́ọ̀sì ṣe? Ta ló ní kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì? Amọ̀kòkò tó fẹ́ fi etí sí ìkòkò, ìgbà tí amọ̀ ṣì tutù ni yóò fi í sí i. Ẹni tó dúró títí ìkòkò fi jiná ni yóò máa kígbe owó.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti ìdánwò. Bí a bá fún gbogbo ènìyàn ní wákàtí kan, tí a fún afọ́jú ní wákàtí kan ààbọ̀, ṣé a kò rẹ́ àwọn yòókù jẹ? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ kí a fi ojú òǹrorò wo ẹni tó bá bi í. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí ìdánwò náà ń wọ̀n. Bí ìtàn ogun Kírìjì ni a ń béèrè, ìmọ̀ ni à ń wọ̀n, kì í ṣe bí ojú ti yára tó lórí ìwé. Ẹni tó ń fi etí ka ìbéèrè ní láti gbọ́ ọ tán, kó tún un gbọ́, kó tó dáhùn. Ṣùgbọ́n bí kọ́ọ̀sì bá jẹ́ ti yíya àwòrán, ojú wà nínú ohun tí à ń wọ̀n, n kò sì rí ọ̀nà tí a ó gbà yọ ọ́ kúrò. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Àmọ́ irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó àwọn olùkọ́ tó ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ní Ore, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé ènìyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ọmọ ogun Biafra padà ní ọdún 1967, tí a fi ń sọ títí di òní pé ó le kú, ìjà Ore. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lọ sógun lódidi ni kò bọ̀ lódidi. Lẹ́yìn ogun, tírélà gba ipò ìbọn lójú ọ̀nà náà. Olùkọ́ tó ń mọ ẹ̀kọ́ lónìí, tó sì ń gba ọ̀nà yẹn kọjá, kò mọ̀ bóyá òun gan-an ni yóò fi etí ka ohun tí òun mọ lọ́la.

Ti adití ni n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ tán. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ti pẹ́ nílẹ̀ wa: Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, láti ara èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà tó kó wá sì ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ ti ṣẹ̀. A lè kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò. A lè fi ògbufọ̀ èdè ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ti ewì Yorùbá, níbi tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń bá ara wọn ṣeré, kí ni ògbufọ̀ náà yóò fi ọwọ́ ṣe? Àwọn adití tó ti gbọ́ Yorùbá kí etí wọn tó di, àti àwọn tí kò gbọ́ ọ rí, ni wọ́n lè sọ fún wa, ó sì yẹ kí a ti bi wọ́n kí a tó gbé kámẹ́rà kalẹ̀.