Ta Ni Ó Ní Ẹ̀tọ́ Láti Sọ̀rọ̀ Sí Gbọ̀ngàn Wa?

Láti ìgbà tí a ti kéde pé a óò tún gbọ̀ngàn ìpàdé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn kọ́, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri láàárín àwọn ẹgbẹ́ wa, ní ọjà àti ní ọ́fíìsì. Ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ni ó dá a lábàá pé, kí a tó ya àwòrán ilé náà, kí a pe àwọn ará àdúgbò láti wá sọ èrò ọkàn wọn: àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe Yorùbá, tí àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe onígbàgbọ́. Àwọn kan gbà á, àwọn kan bínú. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ju ọ̀rọ̀ bíríkì àti páànù lọ, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tí ó lòdì sí i, nítorí ẹjọ́ wọn kò ṣe é tì sẹ́yìn. Wọ́n ní, àwa ni a dá owó. Àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ yọ ọ́ nínú èrè tí kò tó nǹkan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yọ ọ́ nínú owó oṣù tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti jẹ tán. Níbo ni a ti gbọ́ ọ pé ẹni tí kò dá kọ́bọ̀ ni yóò wá sọ ibi tí a óò gbé fèrèsé sí? Wọ́n sì tún mú Ìwé Mímọ́ wá. Nínú ìwé Ẹ́sírà, orí kẹrin, nígbà tí àwọn tí ó ti ìgbèkùn dé ń tún tẹ́ḿpìlì kọ́, àwọn aládùúgbò wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wọn kọ́ ọ. Serubábélì àti Jéṣúà sì kọ̀ fún wọn pátápátá.

A gbà pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi ìrúbọ ni wọ́n ń kọ́, ohun tí ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni ta ni a óò máa sìn níbẹ̀, àti báwo. Kò sí ẹni tí ó ní kí a lọ bi aládùúgbò léèrè ibi tí a óò gbé pẹpẹ sí tàbí orin tí a óò máa kọ. Gbọ̀ngàn yàtọ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣe ìkómọ àti ìgbéyàwó, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti ń ṣe ìpàdé, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìsinmi. Ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í dúró lẹ́nu ọgbà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í béèrè ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ kí ó tó wọ yàrá. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn àlejò ìyàwó bá dí ojú ọ̀nà láti àárọ̀ di alẹ́, bí aboyún bá ń rọbí ní ilé kejì, ibo ni wọn yóò gbé e gbà? Kì í ṣe owó nìkan ni a fi ń gbé ilé ró. Ẹni tí ó ń fara da ariwo ti dá ìdá tirẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú ìwé akápò.

Àwọn ará wa tí ó wà nínú iṣẹ́ ìjọba ní kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. A bọ̀wọ̀ fún ayàwòrán ilé. Ṣùgbọ́n ní Kánò níbí, oṣù díẹ̀ ni òjò fi ń rọ gbogbo èyí tí yóò rọ̀ lọ́dún. Ayàwòrán tí ó bá wá wọn ilẹ̀ nígbà ọyẹ́ yóò rí ilẹ̀ gbígbẹ táútáú. Ìyá tí ń din kósáì ní ìkóríta ni ó mọ ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà ní oṣù August, nítorí pé ó ti gbé ààrò rẹ̀ sá fún un. Àwọn àgbà wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Wọ́n sì ní àlejò a máa ní ojú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa tí à ń pe ara wa ní àlejò ni a bí sí Sábọ́n Gàrí yìí.

Ní ilẹ̀ Íjíbítì, láàárín ọdún 1940 sí 1950, Hassan Fathy, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ilé tí òkìkí wọn kàn jùlọ ní Áfíríkà, fi bíríkì amọ̀ kọ́ abúlé tuntun kan lẹ́bàá Luxor fún àwọn ará Gourna, tí ìjọba fẹ́ kó kúrò lórí ibojì àwọn ìjòyè àtijọ́. Ó kọ́ mọ́sáláṣí síbẹ̀, ó kọ́ ọjà, ó kọ́ ilé eré. Títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ará Gourna kò kó lọ. Ibi ògbólógbòó yẹn ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn, àwọn kọ́ ni ó sì pinnu pé kí wọ́n kúrò.

Ohun tí ó burú ju kí a má béèrè lọ ni kí a béèrè nígbà tí a ti parí gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1969, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sherry Arnstein, kọ àròkọ kan tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí wé àkàbà onígbésẹ̀ 8. Ní ìsàlẹ̀ ni ibi tí a ti ń fi ẹ̀tàn kó ènìyàn jọ kí wọ́n lè fọwọ́ sí ohun tí a ti pinnu. Ní àárín ni ibi tí a ti ń gbọ́ ẹnu wọn, tí kò sì di dandan kí ọ̀rọ̀ wọn yí nǹkan kan padà. Lókè téńté ni àṣẹ ti wà lọ́wọ́ wọn. A kò ní kí ìjọ gun un dé òkè, nítorí ìjọ ni yóò san gbèsè gbọ̀ngàn náà, ìjọ ni yóò sì dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe dúró ní ìsàlẹ̀ kí a máa sọ pé òkè ni a wà. Ohun tí a kò lè gbà, bíi kí a máa ta ọtí nínú gbọ̀ngàn, kí a sọ ọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Bí a bá sì pe màíúngùwà nìkan, olórí ni a pè, a kò tíì pe àdúgbò. Àwọn ìyá ẹlẹ́hàá kò ní wá sí ìpàdé. Àwọn ìyá wa tí ń gbé ọjà wọlé tọ̀ wọ́n lọ ni kí ó bá wa bi wọ́n.

Àwọn kan fara mọ́ àbá náà nítorí ààbò. Wọ́n rántí Gánà. Ní oṣù November ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin sì fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá wọ̀nyí ni ó dá ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ níbẹ̀, púpọ̀ nínú ilé ìsìn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nígbà tí wọ́n lọ. Ìrántí náà dùn wá pẹ̀lú. Síbẹ̀ a kò fara mọ́ ìdí yẹn. Kò sí gbọ̀ngàn tí ó lè dá àṣẹ ìjọba dúró. Bí ó bá sì jẹ́ pé kí aládùúgbò lè gbà wá lọ́jọ́ ìjà ni a ṣe ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, òwò ni a ń bá a ṣe, ọjọ́ tí òwò náà kò bá mú èrè wá ni a óò dákẹ́. Ìdí tí a fi ń bi í ni pé ibẹ̀ ni ó ń gbé.

Ọ̀ràn kan kù tí ìgbìmọ̀ kò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn ará àdúgbò tí a ti bá sọ̀rọ̀ ní bí a bá gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sínú ọgbà, kí a yọ ẹnu ẹ̀rọ kan sí ìta. Àwọn àgbà kan kọ̀, wọ́n ní owó dísù pọ̀, èrò yóò pọ̀, ìjà yóò sì ṣẹlẹ̀. Ní tiwa, a fẹ́ kí ó yọ sí ìta, ní wákàtí tí a bá dá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí a sì gba owó kékeré fún dísù. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń yọ lójú pópó, kí ni àwọn mẹ́rúwà tí ń ti kẹ̀kẹ́ omi yóò jẹ? A kò gbọ́ pé ẹnì kan ti bi wọ́n. Abẹ́ igi dóńgóyárò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa ni wọ́n máa ń sinmi sí lọ́sàn-án. Kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ lọ bá wọn níbẹ̀ kí ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé.