Ara Mi Fúyẹ́: Ṣé Ẹ̀rí Nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a gbé wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ó kan ìgbàgbọ́ wa, ó sì kan àmáánà.

Ìyá ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin ẹgbẹ́ wa ní Múṣin ni ó mú wa gbé kálámù. Ó ti pẹ́ tí ìyá yìí ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ó lọ ṣe hìjáámà. Wọ́n fi abẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi ife fa ẹ̀jẹ̀ jáde, bí àwọn àgbà ti ń fi ìwo ṣe é láyé àtijọ́. Ẹ̀yìn tí ó ti ń ro ó fúyẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó gbójú sókè wo pátákó oníhìjáámà: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, rọpárọsẹ̀, àìrọ́mọbí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyá bá pa oògùn rẹ̀ tì. Kò pé oṣù méjì tí ó fi ṣubú nínú ilé ìdáná. Ọlọ́hun ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò títí di òní.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé wa, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí a má bẹnu àtẹ́ lu sunna Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Àwọn mìíràn ní òyìnbó kò fẹ́ràn ohun tí kì í bá ti í ṣe tirẹ̀. Ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí ènìyàn bèèrè ẹ̀rí lórí ìwòsàn tí ẹ̀sìn fọwọ́ sí?

Ó ṣòro láti fi ìwádìí dán hìjáámà wò, nítorí kò rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀: ẹni tí ife fà lára á mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan, ìyẹn abẹ́rẹ́ gígún àwọn ará Ṣáínà tí à ń pè ní akupọ́ńṣọ̀, tí wọ́n ti dán wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Jámánì, wọ́n kó ènìyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ jọ, wọ́n sì pín wọn sí mẹ́ta. Wọ́n gún ìpín kìíní níbi tí ìlànà Ṣáínà wí. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ìpín kejì lérèfé, níbi tí ìlànà náà kò dárúkọ rárá. Ìpín kẹta gba oògùn àti eré ìdárayá bí dókítà ṣe máa ń ṣe é. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara tu 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti ìpín kìíní, 44.2 nínú ti ìkejì, àti 27.4 péré nínú ti ìkẹta.

Ẹ tún un kà. Abẹ́rẹ́ ṣe wọ́n lóore ju ìtọ́jú dókítà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ojúlówó àti ayédèrú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní 2018, wọ́n ṣàkójọ ìwádìí 39 tí ènìyàn 20,827 wà nínú wọn, lórí ẹ̀yìn, ọrùn, èjìká, orúnkún àti ẹ̀fọ́rí. Ojúlówó borí ayédèrú níbẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Nítorí náà, ara tí ó tu ènìyàn kì í ṣe irọ́. Àlàyé tí a ń ṣe nípa rẹ̀ ni ó lè má jẹ́ òtítọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wá ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 192, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2006: ojúlówó kò sàn ju ayédèrú lọ. Òmíràn láti Jámánì ní 2007, lára ènìyàn 160, rí i pé ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró, láàárín oṣù mẹ́ta ó ti padà síbi tí ó wà. Ibí yìí gan-an ni ìyá wa ti kọsẹ̀. Ẹ̀yìn tí ń dùn a máa sọ fún olówó rẹ̀ bí ó bá sàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sọ nǹkan kan, àfi kí a wọ̀n ọ́n. Ó fi ara fífúyẹ́ ṣe ẹ̀rí lórí ohun tí ara kò lè jẹ́rìí sí.

Arákùnrin kan bi wá pé, ṣé fífi abẹ́rẹ́ ayédèrú gún aláìsàn kì í ṣe ẹ̀tàn? Ìbéèrè rere ni. Bí olùwádìí bá ti sọ fún un ṣáájú pé ó ṣeé ṣe kí ó bọ́ sọ́wọ́ ayédèrú, tí aláìsàn sì gbà, a kò rí ẹ̀tàn níbẹ̀. Bí wọn kò bá sọ, ọ̀rọ̀ di ti Kánò ní 1996, nígbà tí Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tí àrùn yírunyírun ń ṣe. Àwọn òbí ní wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, Pfizer ní àwọn gba àṣẹ, ẹjọ́ sì ń fà á títí di 2009 kí wọ́n tó fẹnu kò sórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ rọpárọsẹ̀ sí pátákó, tí kò tẹ̀ lé aláìsàn kan fún oṣù mẹ́fà rí láti mọ bí ó ṣe rí, ta ni ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?

Hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá fi yé wa pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn láìní ìmọ̀ rẹ̀ ni yóò ru ẹrù ohun tí ó bá bàjẹ́. Kò yọ ẹni tí ń lo ohun tí ó jẹ́ sunna sílẹ̀. Lójú tiwa, ẹni tí ó fi orúkọ Ànọ́bì wa ta ohun tí kò dá a lójú ni ó ń tàbùkù sunna, kì í ṣe ẹni tí ó bèèrè ẹ̀rí. Àdúgbò wa kò jìnnà sí ọjà Ojúwòyè níbi tí wọ́n ti ń ta ewé àti egbò, kò sì jìnnà sí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kò sí ohun tí ó ní kí á sọ ọ́ di ogun láàárín méjèèjì.

A padà lọ bá oníhìjáámà náà, àwa mẹ́ta. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹ̀yìn ríro sílẹ̀ lórí pátákó rẹ̀, kí ó pa ìyókù rẹ́, kí ó máa lo abẹ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa sọ fún wọn pé kí wọ́n má pa oògùn wọn tì. Kò bínú. Ó gba ti abẹ. Ti pátákó, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo bá pa ìyẹn rẹ́, ta ni yóò yà sọ́dọ̀ mi?” A kò tíì rí èsì tí a ó fún un.