Àdánù Kì í Ṣe Ẹ̀bi

Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 1998, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè yìí ni a jókòó ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láti wo bí Super Eagles yóò ṣe kojú Denmark ní Saint-Denis, lẹ́bàá Paris. Ẹgbẹ́ wa ti na Sípéènì, wọ́n sì ti na Bùlùgéríà. Ní ilé tí mo ti wo eré náà, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ Denmark rárá. Bùràsíìlì ni gbogbo wa ń sọ, nítorí pé ẹni tó bá borí lọ́jọ́ náà ni yóò pàdé rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, góòlù méjì ti wọ ilé wa. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìparí, 4 sí 1 ni.

Ọkùnrin kan wà nínú àwọn ará Denmark lọ́jọ́ náà tí n kò lè gbàgbé. Òun ni balógun ẹgbẹ́ wọn, ó sì ti pé ọmọ ọdún 34, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti fi ẹ̀yìn tì. Kò sáré púpọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò kọjú sí apá kan, yóò sì ta á sí apá kejì, ibi tí kò wò gan-an ni bọ́ọ̀lù yóò sì bọ́ sí. Michael Laudrup ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn rẹ̀, mo sì bá ohun kan pàdé níbẹ̀ tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ohun náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Bí ènìyàn bá ṣe ìpinnu kan, tí ire ńlá sì ti ibẹ̀ kọjá rẹ̀, ṣé a lè torí ire tó kọjá náà sọ pé ìpinnu náà kò dára?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí ọkùnrin náà í ṣe. Ní Frederiksberg, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Copenhagen, ni wọ́n bí i ní 1964. Finn, bàbá rẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù fún Denmark. Brian, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1969, náà di ọ̀gá nínú iṣẹ́ kan náà. Ọjọ́ tí Michael pé ọmọ ọdún 18 gan-an ló kọ́kọ́ wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní 1983, Juventus ti ilẹ̀ Ítálì rà á, wọ́n sì fi í yá Lazio fún ọdún méjì, nítorí pé òfin ìgbà náà kò gba ju àjèjì méjì lọ nínú ẹgbẹ́ kan. Ó padà sí Juventus, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ líìgì Ítálì ní 1986. Ní 1989 ó kọjá sí Barcelona, níbi tí Johan Cruyff ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Láti 1991 títí di 1994, ọdún mẹ́rin léra wọn, Barcelona ló gba líìgì Sípéènì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú. Ẹ̀bùn ọkùnrin yìí kò ní àríyànjiyàn nínú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú nìyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1990, Yugoslavia na Denmark ní 2 sí 0 ní Copenhagen, nínú ìdíje tí a fi ń yan àwọn tí yóò lọ sí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ti 1992. Michael kò fara mọ́ bí Richard Møller Nielsen, akọ́nimọ̀ọ́gbá Denmark, ṣe ń fẹ́ kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù. Lójú Michael, ìgbá-bọ́ọ̀lù náà ti ṣọ́ra jù. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Brian bá a kúrò. Nígbà tí ìdíje yíyàn náà parí, Yugoslavia fi àmì ẹyọ kan ju Denmark lọ, Denmark sì padà sílé.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa difá ọrọọrún. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yugoslavia. Ní ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún, ọdún 1992, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi òfin dè é, wọ́n sì yọ orílẹ̀-èdè náà kúrò nínú ìdíje tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní Súwídìn ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà. Denmark ni wọ́n pè láti rọ́pò rẹ̀. Brian ti bá akọ́nimọ̀ọ́gbá náà parí ìjà, ó bá wọn lọ. Michael kò lọ. Denmark ta ọ̀mì pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Súwídìn nà wọ́n, wọ́n na Faransé, wọ́n fi pẹ̀nárítì lé Họ́láńdì tó ni ife náà lọ́wọ́ kúrò lọ́nà, nígbà tó sì di ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ní Gothenburg, wọ́n na Jámánì ní 2 sí 0. Orílẹ̀-èdè kékeré yìí di ọ̀gá gbogbo Yúróòpù. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ nínú ìtàn wọn kò sí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi Michael Laudrup ṣe àpẹẹrẹ alágídí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ire dànù. Mo gbà pé ire ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kàn fẹ́ béèrè ohun tí ìyẹn fi hàn ni.

Ẹ wò ó báyìí. Lẹ́yìn eré kejì ní Súwídìn, góòlù kan ṣoṣo Denmark kò tíì wọlé. Bí wọ́n bá ti pàdánù eré kẹta, wọn ì bá ti wá sílé, àwọn tó ń pe Michael ní alágídí ì bá sì máa pè é ní ọlọ́gbọ́n tó rí ọ̀fìn kí ó tó dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìpinnu rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 1990. Kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀ láàrin eré kejì àti ìkẹta. Báwo ni ohun kan náà yóò ṣe jẹ́ ọgbọ́n ní ọjọ́ 14, tí yóò di òmùgọ̀ ní ọjọ́ 26? Bí a bá ń fi àbájáde ṣe ìwọ̀n, ìwà ènìyàn kọ́ ni à ń wọ̀n mọ́, ohun tí ogun ilẹ̀ onílẹ̀ mú wá ni.

Èdè wa fún wa ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a sábà máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ra: àdánù, àṣìṣe àti ẹ̀bi. Àdánù ni ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Àṣìṣe ni kí ènìyàn yan ọ̀nà tí kò tọ́ nígbà tí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ti tó láti fi èyí tó tọ́ hàn án. Ẹ̀bi ni kí ó ṣẹ ẹlòmíràn, kí ó jẹ gbèsè ìwà tí kò san. Ẹni kan lè ru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ rí àkọ́kọ́ lọ́rùn rẹ̀ kí a sì di méjì yòókù lé e.

Ẹnì kan lè sọ pé ìmọ̀ àwọn baba wa lòdì sí ohun tí mò ń sọ, nítorí pé wọ́n gbà pé orí ló ń gbé ire fún ni, àti pé ẹni tí ire yẹ̀, orí rẹ̀ ni kò gbà á. Ní tèmi, ìgbàgbọ́ náà gan-an ló tì mí lẹ́yìn. Ẹni tí orí rẹ̀ kò gbè, a máa ń bá a kẹ́dùn ni. A kì í gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ fún ìdájọ́. Ìwà ni à ń dá lẹ́jọ́. Àwọn tó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ orí ni wọ́n kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ìwà, wọn kò sì sọ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Ó wá kù kí a béèrè bóyá ìwà Michael ní 1990 dára fúnra rẹ̀. Níhìn-ín, n kò lè dá a láre pátápátá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù dà bí àjọ: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ ga ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jẹ wọ́n ní gbèsè sùúrù, nítorí pé bí ó bá jáde, àwọn ni àyè náà yóò ṣófo fún. Ó yẹ kí ó dúró díẹ̀ sí i. Ẹ sì kíyè sí i pé kì í ṣe ife tí Møller Nielsen gbà ni mo fi ń sọ èyí. Bí ife náà kò bá lè dá Michael lẹ́bi, kò lè dá akọ́nimọ̀ọ́gbá náà láre bákan náà. Mo ń sọ ọ́ nítorí ohun tí Michael fúnra rẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ tó kúrò: pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ o, ó wí tẹnu rẹ̀ ní gbangba. Kò jókòó sínú ẹgbẹ́ kí ó máa fi ẹ̀yìn tú u.

Ohun tó gbé e ga lójú mi jù ni 1993. Ní ọdún náà ó padà lọ gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ ọkùnrin kan náà tó ti gba ife láìsí òun. Ẹ ronú bí ó ti ṣòro tó fún ẹni ńlá láti wọ ilé tí wọ́n ti ṣe àríyá láìsí i. Kò pẹ́ tí ó fi di balógun, àwọn méjèèjì sì jọ gba ife Ọba Fahd ní ilẹ̀ Saudi Arabia ní 1995.

A lè fi ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn nínú ayé rẹ̀ dán ìwọ̀n wa wò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994, Barcelona lọ pàdé Milan ní Athens fún ife ilẹ̀ Yúróòpù. Àjèjì mẹ́ta péré ni òfin gbà. Cruyff yọ Michael sílẹ̀. Milan nà wọ́n ní 4 sí 0. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Michael kọjá sọ́dọ̀ Real Madrid, ọ̀tá Barcelona látayébáyé. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, ó wà nínú ẹgbẹ́ Barcelona tó na Madrid ní 5 sí 0. Ní oṣù kìíní ọdún 1995, ó wà nínú Madrid tó na Barcelona ní 5 sí 0. Madrid gba líìgì lọ́dún náà. Níbí, àbájáde gbè é. Ṣé ìyẹn ló wẹ̀ ẹ́ mọ́ kúrò nínú ẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ tí àwọn ará Barcelona fi kàn án? Rárá o. Bí ó bá mọ́, ohun tó mú un mọ́ ni pé ó ṣiṣẹ́ tí wọ́n san owó fún, kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí Madrid bá ti pàdánù ní ọdún náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ì bá ṣe rí.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ló mú mi máa rò báyìí. Ní 1999, ọ̀nà ṣí fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan láti lọ ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní òkè òkun. Ìyá mi wà lórí àìsàn, èmi nìkan sì ni ọmọ tó wà nítòsí. Ọ̀rẹ́ mi lọ; èmi dúró. Oṣù mẹ́rin kò pé tí ìyá mi fi kú. Títí di òní, àwọn ènìyàn mi a máa sọ fún mi pé, “O ò bá ti lọ.” Wọ́n fẹ́ràn mi ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ìyá mi ṣe tètè kú ló sọ ìtọ́jú tí mo ṣe é di asán. Pé bí ó bá ti lo ogún ọdún sí i, ọlọ́gbọ́n ni mo jẹ́. Mo pàdánù ohun kan, n kò sẹ́. Ọ̀rẹ́ mi dé ibi tí n kò dé. Àṣìṣe ni n kò rí níbẹ̀, bí mo ti ń wá a tó.

Ní ọjọ́ 3, oṣù keje, ọdún 1998, Bùràsíìlì na Denmark ní 3 sí 2 ní Nantes, Michael Laudrup sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Nígbà tó di 2006, àjọ bọ́ọ̀lù Denmark kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà, òun tí kò sí lára àwọn tó gba ife 1992. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó pàdánù àti ẹni tí ó jẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó dára kí a máa wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ibi tí a dúró sí lọ́jọ́ tí a ṣe ìpinnu ni kí a ti wò ó, kì í ṣe ibi tí a ṣubú sí.