OORUN ẸNI TÍ Ó ṢIṢẸ́ MỌ́JÚ

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1–8
Ẹsẹ fún àṣàrò: Orin Dáfídì 127:2

  

Nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí àwa ń ti ilẹ̀kùn láti sùn ni àwọn ń gbé àpò wọn láti lọ síbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ń bẹ nínú wọn, agbẹ̀bí ń bẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì àti ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Àwọn ọmọ wa obìnrin tí ó wà ní London náà ń tọ́jú arúgbó mọ́jú. Ti ẹlòmíràn tilẹ̀ ń yí ni: ọ̀sẹ̀ yìí àárọ̀, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ òru. Bí wọ́n bá délé ní òwúrọ̀ tí wọ́n sì dùbúlẹ̀, àwọn ará ilé a ní, "Obìnrin wo ni ó ń sùn títí oòrùn fi kan àtàrí?" Bí wọn kò bá sì lè wá sí ìpàdé, àwa náà a ní ìtara wọn ti dínkù. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò.

1. Ọlọ́run kò bá Èlíjà wí nítorí oorun

Èlíjà ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí òkè Kámẹ́lì. Jésébélì wá búra láti pa á, ó sá lọ sí aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Kò pè é ní ọ̀lẹ tàbí aláìnígbàgbọ́. Ó jẹ́ kí ó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní oúnjẹ àti omi. Nígbà tí ó jẹun tán, ó tún sùn. Lẹ́yìn tí ó jẹun lẹ́ẹ̀kejì ni ó tó rí agbára rìn fún ogójì ọ̀sán àti ogójì òru dé Hórébù, níbi tí ó ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin arábìnrin, ìgbà mìíràn wà tí a máa ń rò pé ẹ̀mí ẹnìkan ti tutù, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ni ó rẹ̀. Ẹni tí kò sùn a máa kanra, a máa gbàgbé, àdúrà a sì máa sú u. Kí a tó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí ó sùn kẹ́yìn.

2. Ara tí Ọlọ́run dá ní aago tirẹ̀

Ọlọ́run ni ó ya ọ̀sán kúrò lára òru, ó sì fi àmì èyí sínú ara wa. Ní ọdún 2017, wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá àwọn onímọ̀ mẹ́ta ará Amẹ́ríkà lọ́lá, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, nítorí pé wọ́n ṣe àwárí bí aago inú ara ti ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọ ojú wa ni ó ń darí aago yìí jù lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sùn ní ọ̀sán ń bá ara tí ó rò pé àkókò iṣẹ́ ni jìjàkadì. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì kéré. Ní ọdún 2007 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ka iṣẹ́ òru tí ó ń da aago ara rú mọ́ àwọn ohun tí ó jọ pé ó lè fa àrùn náà. Ní 2019 wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọn kò yí i padà. N kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, nítorí òru náà nílò ẹni tí yóò tọ́jú aláìsàn. Mo sọ ọ́ kí a má baà fi oorun ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà ṣeré.

Baba wa John Wesley, tí ó máa ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, wàásù ní 1782 lórí lílo àkókò dáradára, láti inú Éfésù 5:16. Ó bá àwọn tí ń sùn ní àsùnjù wí gidigidi. Síbẹ̀, ó ní obìnrin tí ara rẹ̀ dá nílò oorun tí ó lé díẹ̀ ní wákàtí 7 nínú wákàtí 24. Àwọn dókítà òde òní náà ní kí àgbàlagbà sùn tó wákàtí 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe lóru, ọ̀sán ni a ó ti san án.

3. Ohun tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ òru lè ṣe

(a) Bí o bá ti délé, wẹ̀, jẹ oúnjẹ díẹ̀, kí o sì sùn. Má bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ.
(b) Fi aṣọ dúdú tí ó nípọn ta ojú fèrèsé. Bí ooru bá mú tí iná kò sí, ṣí fèrèsé, kí o fi aṣọ dúdú bo ojú nìkan. Pa fóònù.
(d) Obì, kọfí àti tíì máa ń lé oorun fún wákàtí púpọ̀. Má fi wọ́n sẹ́nu mọ́ bí ó bá ti ku bíi wákàtí 6 kí o sùn.
(e) Bí oorun kò bá pé lẹ́ẹ̀kan, pín in: sùn ní òwúrọ̀, kí o tún sùn díẹ̀ kí o tó jáde ní ìrọ̀lẹ́.
(ẹ) Bí iṣẹ́ rẹ bá ń yí, bẹ ọ̀gá kí ó tò ó ní àárọ̀, ọ̀sán, òru. Ara máa ń gba èyí ju kí a yí i sẹ́yìn lọ.
(f) Má fi oorun lójú wa mọ́tò, má sì tòògbé lẹ́yìn ọ̀kadà.
(g) Má ra oògùn oorun lò fúnra rẹ. Bí oorun bá kọ̀ jálẹ̀, lọ rí dókítà.

4. Ohun tí ilé àti ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe

A fẹ́ràn láti ka Òwe 31, nípa obìnrin tí fìtílà rẹ̀ kì í kú lóru. Ẹ jẹ́ kí a ka ẹsẹ 15 pẹ̀lú: ó ní àwọn ìránṣẹ́bìnrin tí ó pín iṣẹ́ fún. Òun nìkan kọ́ ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Obìnrin tí ó ṣọ́ aláìsàn mọ́jú, tí ó délé dáná, tí ó lọ sọ́jà, tí ó sùn fún wákàtí kan tí ó tún padà síbi iṣẹ́, àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó ń jẹ gbèsè. Kí ọkọ gbọ́ oúnjẹ òwúrọ̀. Kí àwọn ọmọ yí rédíò wálẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, Yútíkù sùn lọ nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù, ó sì já bọ́ láti òkè kẹta (Ìṣe 20:9–12). A kò kà á pé Pọ́ọ̀lù bá a wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbá a mọ́ra. Bí arábìnrin wa bá ń tòògbé ní ìjókòó, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣe bu owó ìtanràn lé e nítorí ìpàdé tí ó bọ́ sí àkókò oorun rẹ̀. Kí a lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́, kí a gbé ọbẹ̀ dání. Orin Dáfídì 134 rántí àwọn tí ń dúró lóru níwájú Olúwa. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa rántí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, ìwọ tí o mọ̀ pé erùpẹ̀ ni wá, fún àwọn ọmọbìnrin rẹ tí ń ṣiṣẹ́ òru ní oorun tí ó tẹ́ ara lọ́rùn. Pa wọ́n mọ́ ní àlọ àti ní àbọ̀. Kọ́ àwa ará ilé wọn láti máa ṣọ́ oorun wọn, bí àwọn ti ń ṣọ́ ẹlòmíràn. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.