Ṣé Ó Tọ́ Kí A Bi Ará Ìlú Léèrè Lẹ́ẹ̀mejì?

Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò lóṣù yìí. Bí a bá bi ènìyàn ní ìbéèrè, tí ó dáhùn, tí ìdáhùn náà kò sì tẹ́ wa lọ́rùn, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a tún bi í?

Ọ̀rọ̀ yìí da ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rú fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016, wọ́n dìbò láti mọ̀ bóyá kí ìlú wọn kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Mílíọ̀nù 17.4 ní kí wọ́n kúrò, mílíọ̀nù 16.1 ní kí wọ́n dúró. (Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dì í, nítorí Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ọmọ Pólàńdì tí ó jẹ́ aládùúgbò wọn kò ní in.) Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ní kí wọ́n tún un dì, pé nígbà ìbò àkọ́kọ́ kò sí ẹni tí ó mọ irú kíkúrò tí yóò jẹ́.

Ẹ wo àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Theresa May, olórí ìjọba, ní ìbò kejì yóò ba ìgbẹ́kẹ̀lé ará ìlú jẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n òun kan náà gbé àdéhùn rẹ̀ lọ sí ilé aṣòfin lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún 2019, wọ́n sì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé aṣòfin lè tún inú rò, kí ará ìlú má lè tún un rò? Jeremy Corbyn ti ẹgbẹ́ Lábọ̀ lọ́ra títí; nígbà tí ó wá gbà fún ìbò kejì, ó ní òun kò ní gbè sẹ́yìn apá kankan. Nigel Farage ní tirẹ̀ ti sọ kí ìbò tó wáyé pé bí ó bá já sí 52 sí 48, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Iye náà gan-an ni ó jáde, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni ó bọ́ sí!

Ẹni tí ó yà wá lẹ́nu jù ni Jo Swinson. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pariwo pé kí wọ́n bi ará ìlú léèrè, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n pinnu pé bí àwọn bá fi ọ̀pọ̀ aṣòfin gba ìjọba, àwọn yóò kàn fagi lé kíkúrò náà láìbi ẹnikẹ́ni.

Lójú tiwa, títún ìbéèrè bi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a fi ń mọ olóòótọ́ ni èyí: bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó borí, ǹjẹ́ yóò gbà kí ẹni tí ó pàdánù tún béèrè? Nínú gbogbo wọn, ẹjọ́ Nicola Sturgeon ti Sìkọ́tíláǹdì ni ó wọ̀ wá létí díẹ̀. Ní 2014, àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ìdá 55 nínú 100 dúró ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2016, ìdá 62 nínú wọn fẹ́ dúró sí Yúróòpù, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ fà wọ́n jáde. Ó ní ohun tí wọ́n dìbò lé lórí ti yí padà. Òótọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmìnira ni ó ti ń wá tẹ́lẹ̀. Boris Johnson kọ̀ fún un ní oṣù kìíní ọdún 2020.

Johnson yìí ni ó ti wọlé ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 2019 pẹ̀lú aṣòfin 365 nínú 650, wọ́n sì kúrò ní Yúróòpù ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní tí ó tẹ̀ lé e. Swinson fi ìbò 149 péré pàdánù àga tirẹ̀. A kò gbọ́ pé ó ní kí wọ́n tún un dì.