Ilé Méjì Ni Wọ́n Wò

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé méjì ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ èmi lórúkọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Òwò ló gbé e dé Kumasi ní Gánà. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyá mi, ọmọ Asante. Bàbá ń pè mí ní Àyìndé. Ìyá mi ń pè mí ní Kofi, torí pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí mi.

Ẹ wá wo nǹkan. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ilé bàbá lọmọ ń jẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Asante, ìdílé ìyá lọmọ ń bá lọ. Nítorí náà, Yorùbá pátápátá ni mí, Asante pátápátá sì ni mí. Bó bá jẹ́ pé bàbá mi ni Asante tí ìyá mi jẹ́ Yorùbá ńkọ́? Ilé kọ̀ọ̀kan ì bá máa tì mí sí èkejì. Ẹ̀jẹ̀ kan náà o! Bí a ṣe ń ka ọmọ ló yàtọ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi Gánà sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Ìyá mi bá ọkọ rẹ̀ wálé. Ní Kumasi, àlejò ni wọ́n ń pè wá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní ọmọ Gánà.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Tísà kan láti Gánà ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi l'Ékòó. Lóru ọjọ́ kan ó kanlẹ̀kùn, ó fi èdè Twi bẹ̀ mí pé kí n bá òun tọ́jú ẹrù. Mo ní, "Tísà, ẹ má bínú, mi ò gbọ́ èdè yín." Irọ́ ni! Òun náà mọ̀ pé irọ́ ni, torí ó ti gbọ́ tí ìyá mi ń pè mí ní Kofi. Ẹ̀rù ló bà mí, kí wọ́n má baà kà mí mọ́ wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èdè lè yí padà, ilà ojú lè tán nílẹ̀, ẹ̀yà lè dàpọ̀ mọ́ ẹ̀yà. Ìyẹn ò burú. Ohun tó burú ni pé kéèyàn ní ilé méjì, kó wá ti ilẹ̀kùn ọ̀kan mọ́ ará ilé lójú lọ́jọ́ ìṣòro. Bí wọ́n bá tún kanlẹ̀kùn mi lóru, Kofi ni yóò ṣí i, Àyìndé ni yóò gbé ẹrù wọlé.