Ọkọ̀ tí Kò Ṣíná, àti Orúkọ Ẹnìkejì



Ẹni tí ó bá ti ní ọkọ̀ àtijọ́ rí, irú èyí tí ń gba inú ẹrẹ̀ àti orí àpáta kọjá, mọ bí ọkàn ti í rí nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ́ńjìnnì kò sì dáhùn ju "ká" kan ṣoṣo lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí àwọn aláìsàn ń retí Ara Olúwa ní ìletò. Kí ẹnikẹ́ni tó wo inú ọkọ̀ náà, ohùn kan ti wí pé: "Awakọ̀ ti fa epo rẹ̀ tà." Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mi orí sí i, mo sì tún un sọ fún ẹni mẹ́rin kí Mísà kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Mẹkáníìkì tí a pè kò dá sí ọ̀rọ̀ olè. Ó tan iná iwájú ọkọ̀, iná náà sì mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní kí a yí kọ́kọ́rọ́. Lójú kan náà iná di bàìbàì. Ó ní èyí kì í ṣe ọ̀ràn epo rárá, nítorí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀ a ṣì máa yí ẹ́ńjìnnì, kò kàn ní gbiná ni. Iná díẹ̀ ni gílóòbù ń fẹ́, ṣùgbọ́n sítátà ń fẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ojú wáyà tí ó dọ̀tí lè jẹ́ kí gílóòbù tàn, síbẹ̀ kí sítátà má lè yí. Ó fọ orí bátìrì. Nǹkan kò yí padà. Ó wá fi wáyà nípọn kan so ẹsẹ̀ bátìrì tí ó lọ sí ara ọkọ̀ pọ̀ mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tààrà, ọkọ̀ sì ṣíná. Ibi tí a ti de wáyà sí irin ìsàlẹ̀ ni ìpáàrà ti jẹ. (Àwọn tí ó mọ Land Rover àtijọ́, èyí tí a kọ́kọ́ fi han ayé ní Amsterdam ní 1948, mọ̀ pé alumíníọ̀mù ni púpọ̀ nínú awọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n irin ni egungun ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ojú ènìyàn kì í dé.)

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fura? Mẹkáníìkì náà fura sí orí bátìrì, orí bátìrì kò sì jẹ̀bi. Ta ni yóò bẹ̀ ẹ́? Tọ́másì Mímọ́ ti Akúínò, ẹni tí ó kú ní 1274, ti ronú sí ọ̀ràn yìí nínú ìwé ńlá rẹ̀, Summa Theologiae. Ó ní ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe ìdájọ́ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe ìdájọ́ ènìyàn. Bí a bá ṣì nǹkan dá lẹ́jọ́, kò pa nǹkan náà lára. Ṣùgbọ́n ènìyàn tí a kà sí ẹni búburú láìsí ìdí ti gba ìpalára lọ́dọ̀ wa. Ó tilẹ̀ ní ó sàn kí a máa ṣìnà lọ́pọ̀ ìgbà nípa ríro rere sí ènìyàn búburú, ju kí a ṣìnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nípa ríro ibi sí ẹni rere.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Bí a bá ń ro rere sí gbogbo ènìyàn, ta ni yóò ṣọ́ owó ìjọ?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ẹ fi àgádágodo sí ẹnu táńkì. Ẹ máa kọ iye epo tí a rà àti ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn sínú ìwé. Ìṣọ́ra ni èyí, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di olè. Ohun tí a ṣe ní àgbàlá kì í ṣe ìṣọ́ra: a ti dájọ́ kí a tó wo ọkọ̀.

Awakọ̀ náà kò sọ̀rọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì gbé Fáda lọ sí ìletò. Katikísìmù Ìjọ ti 1992 kọ́ wa pé ẹni tí ó ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ ní gbèsè àtúnṣe láti san. Ẹni mẹ́rin ni mo sọ fún. Mo ti dé ilé mẹ́ta. Ẹnìkẹrin ti padà sí Ìbàdàn láti ọjọ́ náà, n kò sì mọ iye ènìyàn tí òun náà ti sọ fún.